Àwo SACD mọ́kànlá, kò sí pléyà: ṣé kí n rà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wálé láti London lóṣù tó kọjá fi páálí àwo kan sílẹ̀ fún mi. Mọ́kànlá ni wọ́n. Jáàsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyókù jẹ́ orin dùùrù àti fáólìnì. "Super Audio CD", ìyẹn SACD, ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn. Ọkùnrin kan ní Ògùnpa ní òun ní pléyà tòkunbọ̀ tó ń ka irú àwo bẹ́ẹ̀. Ó ní tí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, CD lásán á máa dún létí mi bí agolo. Ẹ̀rọ CD àtijọ́ kan, amplifáyà kan àti sípíkà méjì ni mo ní nínú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá. Owó tó ń pè kì í ṣe owó àmúṣeré. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

* * *

Àbúrò, kó owó rẹ sápò ná. Mú ọ̀kan nínú àwọn àwo yẹn, tì í bọ inú ẹ̀rọ CD tó wà nílé rẹ, kí o wá sọ ohun tó o gbọ́ fún wa.

Àwàdà kọ́ ni mò ń ṣe. Púpọ̀ nínú àwo SACD, tí Sony àti Philips gbé jáde ní 1999, jẹ́ alájà méjì bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orin SACD ń gbé àjà kan, orin CD lásán ń gbé èkejì. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ CD ń lò kì í rí àjà SACD rárá, ńṣe ló ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá ti CD. Wo ẹ̀yìn páálí àwo náà: bó bá jẹ́ alájà méjì, wàá rí "Hybrid" níbẹ̀, tàbí àmì CD tí gbogbo wa mọ̀. Ọkùnrin Ògùnpa yẹn lè má mọ̀, ó sì lè mọ̀ kó dákẹ́. Ọjà ló ń tà.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó o gbọ́ orin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lónìí láìná kọ́bọ̀. Ohun tó kù láti jà lé lórí ni pé ṣé nǹkan tó wà lájà SACD tó ra pléyà fún.

* * *

Ẹ ti ń kọ nọ́ńbà ránṣẹ́, mo rí i. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ká sì parí ẹ̀, torí òun làwọn tó ń tà á fi ń dẹ́rù bani.

CD, tó ti wà láti 1982, máa ń wọn ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bit 16 sì ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan (bit ni 0 tàbí 1 tí ẹ̀rọ fi ń kọ nǹkan sílẹ̀). Ọ̀nà mìíràn ni SACD gbà. Bit kan ṣoṣo ló ń lò, àmọ́ ó ń lò ó ní ìgbà 2,822,400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ìlọ́po 64 gééré. Tí wọ́n bá ti ka 64 yìí sí ẹ létí, ọkàn rẹ á sọ fún ẹ pé orin náà dùn ju ti CD lọ ní ìlọ́po 64. Irọ́ ni ọkàn ń pa. Bit kan ṣoṣo yẹn ní ariwo tirẹ̀ tó pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń ti ariwo ọ̀hún lọ sókè, sí ibi tí etí ọmọ ènìyàn kò dé.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé CD ń fo orin, pé ohun tó wà láàárín ìwọ̀n kan sí ìkejì ti sọnù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, mo tiẹ̀ bá èèyàn jà lórí ẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Harry Nyquist, ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ní 1928, onímọ̀ ìṣirò Claude Shannon sì fi ìṣirò gbé e jáde ní 1949: bí gíga ìró, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò bá tó ìdajì iye ìgbà tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ìlà ìró kan ṣoṣo ló lè gba ojú gbogbo ìwọ̀n yẹn kọjá, kò sí ohun tó sọnù láàárín wọn. Kì í ṣe àfojúdá. Ìdajì 44,100 jẹ́ 22,050, bẹ́ẹ̀ etí ọ̀dọ́ tó pé dáadáa ò gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000. Tàgbàlagbà ńkọ́? Ọdún 58 ni mo wà. Ọmọ mi fi fóònù dán etí mi wò ní Kérésì. Ní 12,000 ó ń fọwọ́ di etí, èmi sì ń bi í pé ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ti bit ńkọ́? Bit 16 fún wa ní nǹkan bí 96 dB (dB ni òṣùwọ̀n ariwo) láàárín ìró tó kéré jù àti èyí tó pariwo jù. Ká ní yàrá rẹ dákẹ́ gan-an, pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti sùn, pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ ò pe "Sángo! Sángo!" lábẹ́ fèrèsé, ó ṣì lè máa kùn ní 40 dB. Fi 96 lé e. O ti dé 136, dókítà etí lo ń wá.

Bit 24 wúlò fún ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní sitúdíò, kí ohùn akọrin má ba à bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ tó ń gbọ́ ọ nílé kò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

* * *

Bàbá kan dá mi lóhùn pé orin òyìnbó ni mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ, pé kí n lọ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, pé ohùn ilẹ̀kẹ̀ lára igbá máa ń ga kọjá ohun tí CD lè gbà.

Bàbá, ẹ ṣeun. Òtítọ́ ń bẹ lẹ́nu yín. Ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ga, ti agogo náà ga, apá kan rẹ̀ sì lè kọjá 20,000. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí ìró yẹn gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gba makirofóònù ayé ìgbà náà, ó gba téèpù, ó di àwo ńlá onírọ́bà, àwo ọ̀hún tún wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe ìnáwó. Nígbà tí Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀ ní 1969, téèpù ni wọ́n ń gba orin sí. Ariwo ṣìì tó wà lára téèpù yẹn nìkan ti jẹ́ kí 96 dB ti CD fẹ̀ jù fún un. Agbọ̀n ńlá ni CD, ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀ kò kún un.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Mo ti ń wá àwo láti Dùgbẹ̀ títí dé Àlàbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò tíì fojú kan àpàlà tàbí sákárà lórí SACD rí. Ohun tó ń ba orin tiwa jẹ́ kì í ṣe bit. Mo ra CD àpàlà kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń gbọ́ abẹ́rẹ́ tó ń ta pàrà-pàrà lórí ẹ̀: wọ́n gbé àwo àtijọ́ kan sórí tábìlì, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n ń tà á. Òmíràn tí mo rà, MP3, ìyẹn fáìlì orin tí wọ́n ti fún pọ̀, ni wọ́n jó sínú àwo. MP3 128 kbps sábà máa ń gé ohun tó bá ga ju nǹkan bí 16,000 lọ dànù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń wí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e lórí. Kò sí pléyà tó lè gbé e dìde.

Bí ẹnìkan bá lè bá wa wá téèpù àkọ́kọ́ àwọn orin yìí rí kí wọ́n tó bàjẹ́ tán, kó nù ún, kó gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, CD lásán ni mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fi gbé e jáde. Inú mi á dùn dé àtàǹpàkò.

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

* * *

Ẹ ní kí n sọ ti ara mi. Ó dáa.

Mo ní pléyà SACD. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé e délé, gbogbo alẹ́ ni mo fi ń yí i láti àjà CD sí àjà SACD lórí àwo kan náà, gbogbo ìgbà sì ni SACD ń borí. Mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́. Ó gbọ́, ó ní, "Èyí pariwo ju èyí lọ." Mo bínú. Mo ní kò mọ orin.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó fi fóònù wọn ariwo rẹ̀. Òótọ́ ni ìyàwó mi sọ: àjà SACD orí àwo yẹn fi díẹ̀ pariwo ju àjà CD lọ. Èyí tó bá pariwo díẹ̀ ni etí ń pè ní èyí tó dùn, gbogbo ẹni tó ń ta sípíkà ló mọ ọgbọ́n yìí.

Mo wá ní kí ọmọ mi fi aṣọ ìnura bo ojú pléyà, kó máa yí i bó ṣe wù ú, kó sì máa tún ìwọ̀n ariwo ṣe kí méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún la ṣe é. Mo gba 9. Ọmọ mi tí etí rẹ̀ ṣì mú jókòó sípò mi, ó gba 8. Tí a bá ju owó kọ́bọ̀ sókè, kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 2007, Brad Meyer àti David Moran tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn. Wọ́n fi orin SACD àti ti DVD-Audio, irú àwo mìíràn tó jọ ọ́, gbọ́ létí àwọn èèyàn, wọ́n sì ń gba ìró kan náà kọjá nínú ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di ìwọ̀n CD láìsọ fún wọn. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dán an wò, 276 ni wọ́n gbà. Olùwádìí kan, Joshua Reiss, náà kó ìwádìí 18 jọ ní 2016, ó rí i pé àwọn olùgbọ́ gba 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń tajà á sọ pé 52.3 ju 50 lọ. Ó jù ú lọ lóòótọ́. Ṣé ìyẹn ni wàá torí ẹ̀ ta ẹ̀wù?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé Meyer àti Moran kan náà sọ pé púpọ̀ nínú àwo SACD yẹn dùn gan-an, pé ó dùn ju ọ̀pọ̀ CD lọ. Ìdí ni pé ẹni tó fọwọ́ kẹ́yìn sí orin náà ní sitúdíò fara balẹ̀ ṣe é. Ó mọ̀ pé ẹni tó máa jókòó gbọ́ ọ ló ń ṣe é fún, kò fún ohùn náà lọ́rùn kó lè pariwo nínú mọ́tò. Tó o bá sọ orin yẹn di CD, adùn rẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ. Ìdí tí mo fi ń ra àwo wọn nìyẹn títí di òní. Ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni mò ń ra.

* * *

Àbúrò, ṣé o ti fi àwo yẹn sínú ẹ̀rọ? O dákẹ́.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa rà á síbẹ̀síbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà.

Èkíní, iná. Pléyà tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120V ni. Ti Japan, 100V. Ihò iná ara ògiri wa, 240V, ìyẹn lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Ojúlùmọ̀ mi kan ní Bódìjà tú pléyà aláràbarà kan nínú páálí, ó kì í bọ ihò iná tààrà. Ó gbóòórùn, ó rí èéfín, orin kò dún. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí kò bá sí 240 níbẹ̀, ẹ fi owó step-down mọ́ iye ẹ̀, step-down gidi, kì í ṣe èyí tó ń gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀.

Èkejì, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ka CD yàtọ̀ sí èyí tó ń ka SACD. Ọ̀kan lè kú kí ìkejì wà láàyè, pàápàá nínú tòkunbọ̀ tó ti jẹ eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan. Oníṣòwò á fi CD sí i, á kọrin, ẹ̀yin á sanwó. Ẹ bá dé ilé, ẹ fi SACD sí i, "No Disc". Àwo tiyín ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ rí i pé "SACD" ló kọ sójú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dé orin ìkẹyìn. Bí ó bá ní iná kò sí, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀.

Ẹ̀kẹta, òkùn. Ẹnìkan níbí ní òun fi òkùn optical, èyí tó ń tan iná pupa lẹ́nu, so pléyà mọ́ amplifáyà, pé òun ń gbádùn SACD. Ọ̀gá mi, CD lẹ ń gbọ́ o. Àwọn tó ṣe é ò jẹ́ kí orin SACD gba òkùn yẹn kọjá, ẹ̀rù olè ń bà wọ́n. Òkùn pupa àti funfun ló ń gbé e, tàbí HDMI. Ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ọdún méjì lẹ ti ń yìn ín.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí àbúrò yìí lọ ra Sony UBP-X800M2 tuntun. Ẹ̀rọ dáadáa ni, ó ń ka SACD, ó ń ka DVD-Audio, ó ń ka Blu-ray. Ṣùgbọ́n kò ní ihò pupa àti funfun lẹ́yìn. HDMI ló gbára lé, amplifáyà àtijọ́ kò sì ní HDMI. Á ra pléyà tán, á tún ra amplifáyà.

Èyí tó ní kó ra ẹ̀rọ géèmù PS3 náà, ẹ sọ ọ́ tán. Àwọn tó sanra tó kọ́kọ́ jáde ní 2006, 20GB àti 60GB, ń ka SACD. Láti orí 40GB ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onígéèmù kò mọ ohun tó ń jẹ́ SACD.

* * *

Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò gùn. Apple Music ti ń fi orin tí kò dín kù, títí dé 24 bit ní 192 kHz (ìgbà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), sí orí ohun tó ń gbé jáde láti 2021, owó kan náà ni. Dátà ni kẹ́ ẹ bojú wò. Wákàtí kan orin ìwọ̀n CD jẹ́ nǹkan bí 635 MB kí wọ́n tó fún un pọ̀. Ti 24/192 lé ní 4 GB. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un pọ̀ dé ìdajì, ẹ fi owó dátà oṣù mẹ́fà wé owó pléyà kẹ́ ẹ tó pè é ní ọ̀fẹ́.

* * *

"Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ń sọ fún ọmọlọ́mọ kó má rà."

Mo ti ń retí èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní i, mi ò ní tà á. Àwo kan tí mo ní gba sípíkà márùn-ún àti sípíkà ìró ìsàlẹ̀ (subwoofer) kan, ohùn àwọn akọrin á yí mi ká bí ẹni jókòó láàárín kọ́ọ̀ù. CD kò lè ṣe ìyẹn. Bí àbúrò bá ní sípíkà mẹ́fà àti yàrá tó gbà á, mà á ní kó rà á lọ́la. Sípíkà méjì ló ní, ní yàrá kan, ní Mọ́kọ́lá.

Tí owó pléyà yẹn bá wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ orí rẹ̀, sípíkà ni mà á fi pààrọ̀. Kó tó náwó rárá, kó fa sípíkà kúrò lára ògiri ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó gbé e sókè títí ẹnu rẹ̀ tó kéré á fi bá etí rẹ̀ dọ́gba tó bá jókòó. Kó ta kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kó fi aṣọ fèrèsé tó nípọn kọ́ ojú lúfà tó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣe ìyẹn, mi ò nílò aṣọ ìnura láti dán an wò. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

* * *

OLÙBÉÈRÈ

Ẹ má bínú, iná ló mú mi dákẹ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Mẹ́sàn-án kọrin nínú ẹ̀rọ CD mi! Méjì kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ní òun ò rí àwo. Mo fa sípíkà kúrò lára ògiri bí ẹ ṣe wí. Bàbá mi tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ta ló ń fọn fèrè. Mo padà sí Ògùnpa, mo ní kí ọkùnrin yẹn fi ọ̀kan nínú méjì yẹn dán pléyà wò. Ó ní pléyà ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó wà nílé. Mo ní kó gbé e wá lọ́la, ó ní kí n kọ́kọ́ san ìdajì.

* * *

Má san nǹkan kan.

Méjì tó dákẹ́ yẹn, alájà kan ni wọ́n, SACD nìkan ló wà nínú wọn. Ẹ̀rọ CD kò ní ká wọn láéláé, má fi tipátipá tì í, má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àwo méjì kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ ra pléyà. Kó wọn wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, mo wà lágbègbè Challenge, mà á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ẹ ní kọ̀rọ̀. Mú bàbá rẹ dání tí wọ́n bá ráyè. Aṣọ ìnura ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mi náà wà nílé.